Ẹni Tó Dì Í Ni Yóò Tú U

Ẹ̀rù kì í dárúkọ ara rẹ̀ nígbà tó bá ń wọlé. Bó bá dé inú, a ní ebi ni òun. Bó bá dé orúnkún, a ní àárẹ̀ ni. Bíríkìlà ti mọ gbogbo ẹ̀tàn rẹ̀ tán, nítorí láti ìgbà tí ogun ti fà á kúrò nídìí ògiri tó ń mọ lọ́wọ́, òun àti ẹ̀rù ni wọ́n jọ ń sùn, àwọn náà ni wọ́n jọ ń jí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n kó ẹ̀wù irin wọ ilé ìlagi, ẹ̀rù kò díbọ́n mọ́. Ó jókòó tì í lórí ìtì igi, ó tẹjú mọ́ ọn.

Ilé ìlagi náà fẹ̀. Àgbá ọ̀tá ti lu páànù orí rẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń jò wọlé bí ẹni pé asẹ́ ni wọ́n fi bo ilé. Ayùn ńlá tó wà láàárín ilé ti dákẹ́, eyín rẹ̀ ti ń dípẹtà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀tá gbà ká wọn mọ́. Odò ló dí ọ̀nà kẹrin. Ní òdìkejì odò ni ilé ìwòsàn wà, níbi tí àwọn ará wọn tó fara gbọgbẹ́ dùbúlẹ̀ sí, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ díẹ̀ tó ń dáàbò bò wọ́n. Ọta ìbọn àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn ti ń tán lọ. Oògùn ti tán pátápátá.

Ọ̀gá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ náà sórí tábìlì ayùn, ó pe gbogbo wọn jọ. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni Ọ̀gá, kì í pàṣẹ kó má kọ́kọ́ béèrè.

"Mo fẹ́ ká dúró di òru kí a tó kó ẹrù kọjá odò," ló wí. "Kí lẹ rí sí i?"

Sájẹ́ńtì ló fèsì. Ọkùnrin ńlá kan ni Sájẹ́ńtì, àwọn ọmọ ogun a máa kì í ní Àpáta, Òjò-ò-lè-ṣí-i-nídìí.

"Òru ni wọ́n ń retí wa, sà. Òru ni wọ́n máa ń ju iná sókè. Ẹ wo ojú ọ̀run. Kí a bá òjò yìí lọ. Ẹni tí òjò ń pa kì í gbójú sókè ṣọ́ odò."

"Odò á kún, Sájẹ́ńtì."

"Á kún, sà. Ṣùgbọ́n odò ò níbọn lọ́wọ́."

Ọ̀gá wo ìwé náà títí, ó ká a. "Ó dáa. Pẹ̀lú òjò."

Bíríkìlà wo ọ̀nà odò. Odò kò níbọn lọ́wọ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n odò ní ẹnu, kò sì sí ẹni tó rí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ rí. Ó yíjú wo Káfíńtà, ọkọ àbúrò rẹ̀, tó dúró lápá ọ̀tún rẹ̀. Káfíńtà kò mọ omi wẹ̀ rárá. Ọmọ orí òkè ni. Omi tó jìn jù tó tíì wọ̀ rí ni ti inú garawa.

Ọjọ́ tí ogun kó wọn, àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé wọn dé ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró. Kò sunkún. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yan ọkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún un yàn." Bíríkìlà rẹ́rìn-ín nígbà náà. Láti ìgbà yẹn, kò sí ohùn ìbọn kan tó dún tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nínú rẹ̀.

Wọ́n pín ẹ̀wù irin. Aṣọ tó ki ni, tí wọ́n ki irin pẹlẹbẹ kan bọ̀ níwájú, òmíràn lẹ́yìn. Kì í ṣe tuntun. Wọ́n ti fọ̀ wọ́n, àmọ́ ara ti Bíríkìlà ní ibì kan tí òwú rẹ̀ le gbagidi, kò sì béèrè ohun tó mú un le. Àwọn tó máa ru ẹrù ni wọ́n fún, nítorí kò kárí. Alásè, tí kò rí gbà, ń wo àwọn tó rí gbà.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ló wí. "Èmi á so ìkòkò mọ́yà. Bí ọta bá bà á, ẹ ó kàn gbọ́ 'gban-in', ẹ ó ní oúnjẹ ti jinná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó kúrú.

Bíríkìlà wọ ẹ̀wù irin, ó gbé àpò ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri inú lẹ́búlẹ́bú igi. Kò tíì dé ìdí ayùn tó fi mọ̀ pé nǹkan ò dáa. Férémù àpò náà ń lu irin ẹ̀yìn, kàn, kàn, bí ẹni tó ń kan ìlẹ̀kùn. Okùn èjìká méjèèjì ń yọ̀ lọ sí etí apá. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bẹ́líìtì ìbàdí ò rí ìbàdí dì mú. Orí irin ló ń rá pálá sí. Sájẹ́ńtì ké pé, "Ẹ dojú bolẹ̀!" láti fi dán gbogbo wọn wò. Bíríkìlà dojú bolẹ̀, àpò náà sì fò sókè, ó ti akoto rẹ̀ síwájú, ó fi bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí agbọ̀n tí wọ́n dé mọ́ adìẹ lórí.

Ó wà nínú òkùnkùn yẹn, ẹnu rẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú igi. Ó rò ó pé: bí mo ṣe máa kú rèé. Mi ò ní í rí ẹni tó pa mí.

Ọwọ́ kan di àpò náà mú, ó fà á dìde. Káfíńtà ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ yìí sọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Òjò ti ń ṣú, àna."

"Kó ṣú. Ẹ wò ó, nígbà tó jẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ wọ̀ ni àpò yìí ti mọ ẹ̀yìn yín. Kò tíì mọ̀ yín mọ́ irin. Ìyàwó tuntun ni irin yìí, àpò ni ìyálé. Bí a ò bá fi àyè kálukú hàn án, ẹ̀yin bàálé ni wọ́n máa jọ lù pa."

Ó tú gbogbo okùn àpò náà sílẹ̀ pátá, títí kò fi sí èyí tó le níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ẹ̀wù irin. Ó gbé e sókè lára Bíríkìlà títí etí irin iwájú fi dé abẹ́ ọ̀fun, níbi tí egungun èjìká méjèèjì ti pàdé. "Ẹ ti jẹ́ kó wálẹ̀ jù. Ikùn lẹ ń bò, ẹ wá fi ọkàn sílẹ̀ níta." Nígbà tí irin ẹ̀yìn náà gòkè, ìbàdí yọ jáde nísàlẹ̀ rẹ̀, bẹ́líìtì sì rí ibi jókòó sí.

Ó da ẹrù inú àpò náà sílẹ̀. Oògùn ni wọ́n di fún Bíríkìlà: ìgò, báńdéèjì, ọ̀rá omi iyọ̀ tó wúwo bí òkúta. Ti Káfíńtà fúnra rẹ̀, ọta ìbọn ni. Ó gbé àwọn tó wúwo sún mọ́ ẹ̀yìn, láàárín àpò. Ó kó báńdéèjì sókè, ó ní kí òkè rẹ̀ lè rọ̀, kí akoto rí ibi tẹ̀ wọ̀ bí orí bá gbé sókè. Ó ká aṣọ ìnura kan sí mẹ́rin, ó fi sí agbede méjì férémù àti irin. Ìró kíkàn yẹn dákẹ́. Ó fa okùn èjìká sún mọ́ ọrùn, ó fi okùn àyà so wọ́n pọ̀ kí wọ́n má baà yà lọ mọ́.

"Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gun yín lẹ́yìn dáadáa. Ó yá, ẹ fà á. Ẹ gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn. Ìka ń kọ́?"

"Wọ́n ti jí."

"Ẹ dojú bolẹ̀."

Ó dojú bolẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó sì rí ẹsẹ̀ Káfíńtà, ó rí eyín ayùn, ó rí ẹnu ọ̀nà àti òjò tó ti ń já bọ́ níwájú rẹ̀. Omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ó sì purọ́ pé lẹ́búlẹ́bú igi ni.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù láti ṣe, òun gan-an ló sì ń bà á lẹ́rù ju odò lọ.

Láàárín wọn, ẹnikẹ́ni kì í di ẹrù ara rẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó gba inú ìkọ́ èjìká méjèèjì lọ sẹ́yìn férémù, níbi tí ọwọ́ ẹni tó ru ẹrù kò lè dé. Ẹnì kejì rẹ̀ ni yóò ta á ní kókó, òun náà ni yóò sì tú u níbi tí wọ́n bá ń lọ. Sájẹ́ńtì ló dá àṣà yìí sílẹ̀ lẹ́yìn ogun orí òkè. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ìjà yíwọ́, kálukú sọ ẹrù sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ. Àwọn tó dúró sídìí ìbọn ńlá láti bo àwọn tó ń sá nawọ́ sẹ́yìn fún ọta, ọwọ́ wọn bá ilẹ̀ lásán. Àbúrò Sájẹ́ńtì wà nínú wọn, kò sì padà wá. Sájẹ́ńtì fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ rí. Alásè ló sọ ọ́.

Káfíńtà bọ́ sẹ́yìn Bíríkìlà, ó fọwọ́ lé irin ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣe ìbúra náà ketekete. "Mo dì í. Èmi ni màá tú u. Bí ẹrù yìí bá bọ́, kí ẹ̀wù irin mi bọ́." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ẹrù tó dì bá sọnù yóò bọ́ ẹ̀wù irin rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì ṣíwájú gbogbo èèyàn láìní irin láyà.

Bíríkìlà gbọ́ bí okùn náà ṣe ń wọ inú ara wọn. "Kókó lo ta, àna?"

"Kí lẹ tún fẹ́ kí n ta? A ti búra."

"Nǹkan kan ń rìn mí lábíyá òsì níbí. Ó ń gún mi."

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ara yín á mọ́ ọn."

Ó wá kan Bíríkìlà láti di ti Káfíńtà. Ó fọwọ́ lé irin, ó búra, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó rí odò lójú inú rẹ̀. Ó rí Káfíńtà ọmọ orí òkè lábẹ́ omi, irin níwájú, irin lẹ́yìn, ọta ìbọn ní gbàdí, kókó tí kò lè dé lẹ́yìn rẹ̀. Ó ta ojóbó. Irú ojóbó tí àwọn bíríkìlà fi ń so pákó tí wọ́n ń gùn mọ́ òpó: bó o bá fà á níhìn-ín kò mì, bó o bá fa ìrù rẹ̀ lọ́hùn-ún ó tú wuuru. Ó ki ìrù rẹ̀ sábẹ́ aṣọ àpò. Kò sọ fún Káfíńtà. Ó mọ̀ pé olóòótọ́ ni, yóò ní kí ó tú u kó tún un ta.

Sájẹ́ńtì wá, ó ń fa kókó wọn wò ní ìkọ̀ọ̀kan. Ó dé ẹ̀yìn Káfíńtà, ó fà á gírí. Kókó náà kò mì. Sájẹ́ńtì kọjá.

Wọ́n jáde sínú òjò. Òjò náà ń rọ̀ bí ẹni pé ó ń bínú sí ilẹ̀. Wọ́n tọ ẹ̀gbẹ́ àwọn ìtì igi lọ, ní ìlà, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, Káfíńtà níwájú, Bíríkìlà lẹ́yìn rẹ̀. Àpò náà dúró sára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn, àfi ohun tó ń gún un lábíyá yẹn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá. Ó fún un ní ohun mìíràn láti máa rò.

Odò ti pọ́n, ó ti ga. Ní etí omi, Káfíńtà yíjú padà, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ìbọn dún. Ọ̀tá kan ti rí wọn láti orí ilé, tàbí kó kàn máa yìn ín sínú òjò. "Ẹ wọ̀ ọ́!" ni Sájẹ́ńtì ké. "Ẹ má dúró!"

Omi dé ìbàdí, ó dé àyà. Òtútù rẹ̀ gba èémí lẹ́nu Bíríkìlà. Ọta ń jábọ́ sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò lè mọ èyí tó jẹ́ ọta àti èyí tó jẹ́ ẹ̀kán òjò ńlá. Ó ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ìdajì àdúrà náà ni "kókó ni, kókó ni, kókó ni wọ́n ta fún mi, mi ò lè tú u."

Lẹ́yìn náà, Káfíńtà kò sí níwájú rẹ̀ mọ́.

Kò ké. Ihò ló tẹ̀. Orí àpò rẹ̀ nìkan ló yọ lórí omi, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Bíríkìlà ju ara rẹ̀ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ bá férémù, ó bá aṣọ, ó wá ìrù okùn kiri bí afọ́jú tó ń wá owó nínú ẹrẹ̀. Ó rí i. Ó fà á.

Ẹrù náà bọ́. Ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá a níkùn bó ṣe ń lọ, gbogbo ọta ìbọn tí ilé ìwòsàn ń retí, odò sì gbé e mì. Ó di Káfíńtà mú ní ọrùn ẹ̀wù irin, ó ń fà á, ó ń gbé omi mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀. Ọwọ́ mìíràn ló wọ́ àwọn méjèèjì gun èbúté. Ọwọ́ Alásè ni.

Wọ́n sápamọ́ sẹ́yìn ògiri kan tó ti wó lápá kan. Ilé ìwòsàn ti hàn lókè, ìbọn rẹ̀ ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Káfíńtà ń pọ omi. Sájẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbé okùn tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀, ó fà á gba àárín ìka méjì láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

"Okùn yìí kò já," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹnikẹ́ni ò sì gé e. Ta ló dì í?"

"Èmi ni, Sájẹ́ńtì."

"Kí lo ta?"

"Ojóbó ni mo ta."

"O gbọ́ ìbọn tó ń dún lókè yẹn? O gbọ́ bó ṣe ń fi àlàfo sílẹ̀? Ohun tó yẹ kó dí àlàfo yẹn lo jù sódò."

"Mo gbọ́ ọ, Sájẹ́ńtì. Ọkọ àbúrò mi ni."

Ojú Sájẹ́ńtì yí padà, ó sì tún padà sí bó ṣe wà. "Gbogbo èèyàn ni ọkọ àbúrò ẹnì kan." Ó nàró. "O mọ ìbúra. Káfíńtà, dìde, tú ẹrù rẹ̀ fún un, kó bọ́ irin."

Káfíńtà dìde. Ó bọ́ sẹ́yìn Bíríkìlà. Bíríkìlà sì gbọ́ nǹkan kan tó ń yọ̀ lára rẹ̀, lábíyá òsì, ohun tó ti ń gún un láti ilé ìlagi. Ó fà gba ẹ̀gbẹ́ ìhà rẹ̀ kọjá, ó lọ. Èjìká rẹ̀ fúyẹ́ lójijì. Ìrù ojóbó ni. Káfíńtà ti fi í sí ibi tí ọwọ́ Bíríkìlà fúnra rẹ̀ lè dé.

Ẹrù náà ò wálẹ̀. Káfíńtà ti fi orúnkún gbé e dúró, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ó ń gbọn ìka bí ẹni tí kókó dá lágara.

"Ó le," ló wí fún Sájẹ́ńtì. "Omi ti jẹ́ kó ṣù."

Bíríkìlà lóye: Sájẹ́ńtì ò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ojóbó ni. Ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń kérora bí ẹni tí okùn ń fún pa. Lábẹ́ ìkérora náà, ohùn kan wọ etí rẹ̀. "Mo fẹ́ sọ ọ́ létí omi, ìbọn ò jẹ́. Bí mo bá sì ti sọ ọ́ ṣáájú, ojú yín ni yóò tú wa fó."

Ẹrù bọ́ sílẹ̀. Bíríkìlà bọ́ ẹ̀wù irin, afẹ́fẹ́ òjò sì fọwọ́ kan àyà rẹ̀ bí ọwọ́ òkú. Sájẹ́ńtì gbà á, ó gbé e fún Alásè. Alásè kò ṣàwàdà. Ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Káfíńtà ni kó ru oògùn," ni Sájẹ́ńtì wí. "Bíríkìlà, dì í fún un, kí o sì bọ́ síwájú."

Wọ́n gbé àpò náà lé Káfíńtà lórí irin. Bíríkìlà tú gbogbo okùn sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: irin dé abẹ́ ọ̀fun, bẹ́líìtì sísàlẹ̀ rẹ̀, aṣọ ìnura láàárín, okùn sún mọ́ ọrùn. Nígbà tó kan okùn ẹ̀yìn, Sájẹ́ńtì tó dúró tì wọ́n yí ojú sí odò. Ó ń wo omi pupa náà bí ẹni tó sọ nǹkan nù sínú rẹ̀ tipẹ́. Kò yí ojú padà.

Bíríkìlà mọ̀ pé Sájẹ́ńtì fi òun sílẹ̀ kí òun ta èyí tó bá wu òun. Ó di okùn náà mú. Níwájú wọn, ilẹ̀ gbígbẹ ni, òkè ni, ìbọn ni. Kò sí odò mọ́. Àwọn tó wà lókè ń retí ìgò inú àpò yìí. Ẹ̀rù ń bà á débi pé eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

Ó ta kókó. Ó tún un ta lé ara rẹ̀, ó fi gbogbo agbára fà á.

"Mo dì í," ló wí sí etí ọkọ àbúrò rẹ̀. "Èmi ni màá tú u."

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n," ni Káfíńtà dáhùn. "Mi ò ní í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án."

Bíríkìlà jáde kúrò lẹ́yìn ògiri, kò sí ohun kan láyà rẹ̀ ju ṣẹ́ẹ̀tì tútù lọ. Ó ń gun òkè náà lọ, ó sì ń gbọ́ ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, tó sún mọ́ ọn ju àlàfo tí òfin ogun ní kí ọmọ ogun fi sílẹ̀ lọ.